Orin Ọ̀fẹ́, Owó Gọbọi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Èmi ni mo ń fọ́nnu káàkiri ilé pé kò sí orin tí mi ò lè dáńlóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìná kọ́bọ̀. Bàbá àgbà gbọ́, wọ́n pè mí: "Ìwọ, bá mi wá Oroki Social Club, èyí tí Hárúnà Ìṣọ̀lá fi ki àwọn ará Òṣogbo." Láti 1971 ni àwo àpàlà yẹn ti jáde, wọn ò tíì bí mi. Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà ni, Bàbá? Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Dátà òru ni mo rà, torí òun ló dínwó. Nígbà tí gbogbo ilé sùn tán, mo bọ́ sórí ìkànnì kan tí wọ́n to bọ́tìnnì "Download" sí jáńtìrẹrẹ. Ọ̀kan tóbi, ó láwọ̀ ewé, ó ń ṣẹ́jú sí mi. Ojúlówó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-tín, ta ló máa rí i? Aláwọ̀ ewé ni mo tẹ̀.

Ẹni tó lóye ì bá ti fura. Ojú kan àwo ńlá ayé ọjọ́un sábà máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 20. MP3 tí wọ́n fún pọ̀ ní 128 kbps sì ń gba bíi MB kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fáìlì tèmi ò ju MB 3 lọ, ".apk" ló sì wà ní ìdí orúkọ rẹ̀. Áàpù ni, kì í ṣe orin. Fóònù tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé òun ò mọ ibi tó ti wá; mo tẹ "Allow", bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fólè tó tún bá a tan iná. Láti òru ọjọ́ náà ni fóònù mi ti ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí fúnra rẹ̀, kódà láàárín ìpàdé ibi iṣẹ́. Kílẹ̀ tó mọ́, dátà ti tán.

Mo ra òmíràn. Mo rí àkójọ DJ kan tó ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ bo agídìgbo mọ́lẹ̀. Mo rí "Side A Track 01", mo dúró dè é títí, àṣé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ni. Nígbà tó yá, mo rí fáìlì MB 18. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún dáadáa, mo bá sùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ. Mo so fóònù mọ́ sípíkà. Bàbá dijú, wọ́n ń fi èjìká jó lórí àga. Àfi bí obìnrin kan ṣe já wọ àárín orin, tó dárúkọ ìkànnì náà lédè Òyìnbó, tó fi "dot com" tì í. Bàbá lajú: "Ta nìyẹn? Mi ò mọ obìnrin kankan nínú ẹgbẹ́ Hárúnà." Ọ̀rẹ́ wọn kan ní, "Bóyá ọlọ́jà kan ló ń kiri kọjá níbi tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀." Kò pẹ́ tó tún dé. Nígbà tó yá, bó bá ti yọjú báyìí, gbogbo àwọn àgbà á dáhùn pọ̀: "Ẹ kú ọjà o!" Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Àbúrò mi obìnrin gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san lóṣù fún áàpù orin tó dáa o." Ó san án, ó tẹ orúkọ orin, ó dé. Mo pa áàpù burúkú yẹn rẹ́ àti gbogbo fáìlì tí mo kó jọ. Mo gbé orin tó mọ́ gaara lọ fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ìyá ọlọ́jà dà? Èyí tó ní ìyá ọlọ́jà nínú ni kí o fi sí i."

Ẹni tó bá mọ ibi tí dátà òru ti dínwó jù, kó jọ̀ọ́, kó pè mí.