Ọ̀nà Ló Fà Á

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá tíì pàdé rẹ̀ ní Cow Lane ní Accra, ẹ ti pàdé rẹ̀ ní Mushin, tàbí ní Peckham, níbi tó ti ń bú káńsù nítorí kòtò. Òun ni ọmọkùnrin ọdún márùndínlógójì tó ra BMW E36 onísílíńdà mẹ́rin, tó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, tó ki onísílíńdà mẹ́fà bọ̀ ọ́ dípò, tó wá ń retí kí gbogbo ọjà dìde kí i. Ọkọ̀ náà pọ́n bí ata rodo. Gíláàsì rẹ̀ dúdú débi pé bó bá ń juwọ́ sí yín láti inú, ẹ ò ní rí i, ẹ ó kàn rò pé ó ń gbéra ga ni. Bó bá tẹ iná lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ á ta jí, ìyá á ṣépè, òun á rẹ́rìn-ín. Èpè yẹn náà, oríkì ló ń gbọ́ ọ sí.

Ọkọ̀ yìí ní àrùn kan. Bó bá ti kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìjókòó a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ní 110, dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn á gbọ̀n títí ọkọ̀ kan á fi di mẹ́ta nínú rẹ̀. Bó bá kọjá ìyẹn, gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀ á máa kùn bí ilé oyin. Ẹ bi í pé kí ló fà á. Kò ní ronú. Á na ìka síta, síwájú, síbi tí kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn:

"Ọ̀nà ni, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ló fà á."

Mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì nítòsí ọjà Ládípọ̀ kí n tó wá dúró ti ẹ̀gbọ́n mi nínú ìsọ̀ aṣọ ní Accra. Ọwọ́ mi ti kúrò nínú gírísì, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí, Ọ̀nà-ni bí mo ṣe sọ ọ́, fi ń hó nínú mi.

Ẹ jẹ́ ká fún àwáwí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, nítorí ó gbọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Ta ni yóò gbèjà ọ̀nà? Ọ̀nà ò ní ìyá tó máa já aṣọ mọ́dìí jáde. Kò ní lọ́yà. Gbogbo wa la ti bú u rí, òwúrọ̀ yìí náà la bú u kẹ́yìn. Bí o bá ní ọ̀nà kọ́ ló jẹ̀bi, á jọ pé o ń jẹun lọ́dọ̀ ìjọba. Bí Ọ̀nà-ni bá ti sọ ọ́, gbogbo àwọn tó yí i ká á mi orí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka kòtò àdúgbò wọn, ẹjọ́ á parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tí mo bá a wọ ọkọ̀, ọ̀daràn tó kọ́kọ́ mú ni títì Motorway tó ti Accra lọ sí Tema. Láyé Nkrumah, ní 1965, ni wọ́n ṣí i, kìlómítà 19, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Oríkèé kọnkéré a máa lu táyà, gbì, gbì, gbì. Inú Ọ̀nà-ni dùn bíi ti ẹni tó rí ẹlẹ́rìí. "Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù ú!" Mo ní mo gbọ́. Mo ní ṣùgbọ́n kọnkéré ń luni ní 50 náà, kí ló dé tí ọkọ̀ rẹ kì í gbọ̀n rìrì ní 50? Ó ní epo bẹntiróòlù ti wọ́n jù.

Ẹnì kejì ni N1, láti Mallam dé Tetteh Quarshie, kìlómítà 14, tí wọ́n ṣí ní 2012. Owó Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é, orúkọ George Walker Bush ni wọ́n sì fi pè é. Ọ̀dà ibẹ̀ tẹ́jú. A dé 110, ìjókòó ń gbọ̀n rìrì, eyín mi ń lu ara wọn. Mo wo ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn òyìnbó náà kò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún bó ṣe yẹ. Ó mú Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ nítorí ohun tó wà lábẹ́ ara rẹ̀.

Ìrìn àjò ọdún Iléyá ló wá ba àwáwí rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ogbomọ̀ṣọ́ là ń lọ. A gba Aflao, a wọ Lomé, a kọjá ní Hillacondji, a sun Cotonou, a já sí Sèmè. Ilẹ̀ Ghana, ilẹ̀ Togo, ilẹ̀ Benin, ilẹ̀ Nàìjíríà: ìjọba mẹ́rin, òyìnbó méjì tí wọn kò jọ sọ èdè kan náà, kọngílá oríṣiríṣi, rìbá oríṣiríṣi. Síbẹ̀ gbogbo wọn ti jókòó, wọ́n ti fẹnu kò pé kí ọkọ̀ pupa ọmọ kan láti Cow Lane máa gbọ̀n, kó má ṣe ní 90, kó má ṣe ní 95, àfi bó bá ti kọjá 100. ECOWAS ti wà láti 1975, n kò tíì gbọ́ ohun kan tí orílẹ̀-èdè mẹ́rin yìí fohùn ṣọ̀kan lé tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Badagry nìkan ló kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ó burú débi pé a kò lè sáré kọjá 40 níbẹ̀. Ọkọ̀ fò, ó bọ́ sí kòtò, ó jáde, ó tún fò, ṣùgbọ́n ìwárìrì ọ̀hún kò yọjú rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó yẹ kí ó gba ẹ̀sùn, ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti sinmi.

Mo ti rí ìdí rẹ̀ kí a tó kúrò ní Togo. Ojú títì dá níbì kan. Mo ní, "Àbúrò, yọ gíá sí níútírà." Ó yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Ìwárìrì kò lọ síbì kan. Ẹ́ńjìnnì bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ nìyẹn: ohunkóhun tó ń gbọ̀n, eré ọkọ̀ ló ń bá rìn, kì í ṣe eré ẹ́ńjìnnì. Mo na ọwọ́ kan sítíárìn. Ó dákẹ́. Táyà iwájú tí kò ní báláǹsì, ọwọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àìsàn ẹ̀yìn, ìdí ni. Ó ku táyà ẹ̀yìn àti própẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí díìfù lẹ́yìn. Ní 110, táyà ń yí ní nǹkan bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbígbọ̀n rẹ̀ a máa wúwo, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á. Díìfù ọkọ̀ rẹ̀, 3.45 ni: bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, própẹ́là á yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ìyẹn ju 50 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tí mo ń gbọ́ lábẹ́ ìdí mi kì í ṣe ohun tí a lè kà. Oyin ni.

Mo ní, "Própẹ́là ni."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà Togo ni."

Ó mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Òpè kọ́ ni, n kò bínú sí òpè. Nígbà tó ki ẹ́ńjìnnì gígùn yẹn bọ ọkọ̀, própẹ́là àtijọ́ kò bá gíábọ́ọ̀sì tuntun mu mọ́. Èyí tó bá a mu wà ní ọjà Abossey Okai, ó kàn wọ́n ni. Oṣù yẹn náà ló ra ríìmù dúdú onínṣì 17. Owó kò tó méjèèjì, ríìmù ló sì ṣeé yà ní fọ́tò. Ó gbé própẹ́là lọ bá wẹ́dà tó ń ṣe géètì. Wẹ́dà gé e, ó jó o pọ̀, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wò ó bí ẹni ń wò bóyá igi tọ́, ó ní ó ti tọ́. Síìtì gíá tó yẹ kí ó gbé gíábọ́ọ̀sì sí ipò rẹ̀, táyà àlòkù ni wọ́n gé sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà própẹ́là ò bá gíábọ́ọ̀sì dọ́gba mọ́. Gbogbo èyí, ojú rẹ̀ ló ṣe. Òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ má bínú. Ká ní irin wẹ́dì tó ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ kan própẹ́là kò ju 30 gíráàmù lọ, kó sì jìnnà sí àárín rẹ̀ ní mílímítà 35. Ní 110, èérún irin yẹn á máa fa própẹ́là bí ẹrù kílò 12, síhìn-ín sọ́hùn-ún, ní ìgbà tó ju 50 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 20, ìfà rẹ̀ kò tó ìdajì kílò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá wo ibi tí ọkùnrin yìí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí: Cow Lane, àárín ọjà Accra, ẹ̀gbẹ́ Okaishie àti Makola, níbi tí takisí, ọmọlanke àti abọ́ ẹja ti ń du ààyè kan náà, tí ọkọ̀ kì í sáré ju arúgbó onígbàálẹ̀ lọ. Ní Cow Lane, ọkọ̀ yìí kò ní àbùkù kankan. Ó lè fi ọdún mẹ́wàá gbé e yan níbẹ̀, kí gbogbo ayé sì jẹ́rìí sí i pé kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ó ti ra táyà tuntun. Ó ti ṣe báláǹsì nígbà mẹ́ta lọ́dọ̀ fọkanáísà mẹ́ta, ó sì bú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti ra lọ́fínńdà tí wọ́n ń so kọ́ dígí. Mo fi ohun tí kò tó owó lọ́fínńdà yẹn lọ̀ ọ́: kílíìpù rọ́bà omi kan ṣoṣo. Ẹ fún un mọ́ própẹ́là, ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí orí rẹ̀ wà, ẹ gbé ọkọ̀ jáde, ẹ wò ó bóyá ìwárìrì pọ̀ sí i tàbí ó dín kù, ẹ padà wá, ẹ yí i díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ti tó láti mọ ibi tí ìwúwo wà, ká tó gbé e lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń báláǹsì rẹ̀. Ó ní òun á ronú sí i. Kí ló fẹ́ rò? Kì í ṣe owó. Kílíìpù ń fẹ́ kí èèyàn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ọ̀hún sì ni wẹ́dì wà, bí ojú àpá, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn bàbá rẹ̀ àgbà. Àwọn ará Ogbomọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń tajà ní Ghana nígbà náà. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Bàbá náà di ẹrù, ó gun lọ́rì Bedford, ọ̀nà ìgbà yẹn a sì máa jẹ èèyàn ní tòótọ́. Ọ̀nà-ni máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló wà lórí lọ́rì. Ó máa ń gbàgbé apá kan tí èmi gbọ́ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀ kó tó kú: pé gbogbo ibi tí wọ́n bá dúró sí, dẹ́rẹ́bà á tẹ́ ẹní sábẹ́ lọ́rì, á wọ abẹ́ própẹ́là pẹ̀lú ìbọn gírísì, tí wọ́n bá ń pè é pé oúnjẹ délẹ̀, kò ní dáhùn.

N kì bá tí kọ gbogbo èyí bó bá jẹ́ òun nìkan ni ọkọ̀ ń gbé. Láàárọ̀, òun ló ń gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjì lọ sí ilé ìwé lórí N1. Bí própẹ́là bá já níwájú, orí rẹ̀ lè wọ́ sílẹ̀, kó gún títì bí ẹni fi ọ̀pá tukọ̀, kó sì gbé ọkọ̀ ṣubú. Mo sọ fún un. Ó ní kí n yé sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí òun lára. Ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó gbé ọmọ ọlọ́mọ sí i, tó sì ń tẹ iná, ìkà ni. N kò ní orúkọ mìíràn fún un, ì báà rẹ́rìn-ín dáadáa, ì báà sì dọ̀bálẹ̀ kí mi lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, ó gbé e wọ Cow Lane. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó rọra ń yí bọ̀ láàárín èrò, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ! Ó dákẹ́ àbí kò dákẹ́? Mo ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin alárùú tí wọ́n ń pè ní kayayei ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ru abọ́ ńlá tó kún fún tòmátì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ó kígbe pé kí ó yàgò. Ọ̀nà-ni ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín ọkọ̀ àti ògiri, ó kọjá, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Abọ́ orí rẹ̀ kò mì.