Àjẹ́ Tó Ń Gbé Fọ́ọ̀mù Rìn

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọjú wo ẹ̀yìnkùlé ná, bóyá ìyá onímọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Kò sí? Ó dáa.

Ṣé ẹ ti wo fíìmù Juju Stories? Michael Omonua, Abba Makama àti C.J. Obasi ló ṣe é. Surreal16 ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Ìtàn kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Lọ́dún 2021, fíìmù yẹn dé àjọ̀dún sinimá Locarno ní Switzerland, èmi tí n ò tíì ré Ṣágámù kọjá!

Nínú ti Makama, "Yam", ọmọ ìta kan ló mú owó lẹ́bàá títì. Ẹ ṣáà rántí ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní kékeré, pé ẹni tó bá mú owó ilẹ̀ á di iṣu? Lánlọ́ọ̀dù wa ì bá ti di àsáró tipẹ́! Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀ mi jàre.

Ti Obasi, "Suffer the Witch", ló bà mí lẹ́rù jù. Chinwe àti Joy ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ ní yunifásítì. Ni ọkùnrin tó wu Chinwe bá yíjú sí i, ni ìfẹ́ Joy bá di ohun tí èèyàn ń sá fún.

Àtìgbà tí mo ti wò ó ni mo ti ń ṣọ́ ìyá onímọ́ínmọ́ín ilé wa. Láràárọ̀ ló ń gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje fún tọkọtaya tuntun inú yàrá iwájú, ewé ṣì ń rú èéfín. Ó ní ọmọ wọn ló wu òun. Ọmọ ló wù ú, àmọ́ ara fóònù ọkọ lojú ẹ̀ wà: "Dádì, owó oṣù ti wọlé?"

Kí ló kàn án?

Lánàá ló gbé fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá, ó ní kí wọ́n wá ṣe onídùúró òun. Ìyàwó ò lè wo ojú ẹ̀ kó ní òun ò ṣe. Mọ́ínmọ́ín ti há a lọ́fun.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àjẹ́ orí fíìmù, ẹ lè pa tẹlifíṣọ̀n. Ti ilé wa yìí ń kanlẹ̀kùn, ó ń kúnlẹ̀ kíni.

Tó bá gbé mọ́ínmọ́ín dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jẹ ẹ́. Èmi náà ń jẹ ẹ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan.