Òjé Ni, Bàbá, Òjé Gidi Ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Kí ni mo fi ṣe àwọn tó ń ta àjákù irin nílẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí? Èmi tí mo jókòó jẹ́ẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí iṣẹ́ mi ò ju kí n yọ́ òjé, kí n dà á, kí àwọn apẹja Ìwópin àti Mákùn-Omi lè rí nǹkan kàn mọ́ etí àwọ̀n wọn kó fi rì. Ta ni mo bá jà?

Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá, òjé ni. Wọ́n tú u nínú bátìrì ọkọ̀, òjé ni. Fọkanáísà ṣí i kúrò létí ríìmù, òjé ni. Ẹ fi eérú kun orí ewúrẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n máa pè é!

Òjé gidi rọ̀, èékánná ń hà á, tó bá bọ́ lulẹ̀, á kàn dún "pò" ni. Ti bátìrì ńkọ́? Wọ́n ti po ántímónì mọ́ ọn kó lè le. Apẹja á fi òòlù pa ẹnu rẹ̀ dé mọ́ okùn, ó sán! Ta ni wọ́n máa pè lórí fóònù ní ìdájí? Èmi náà ni!

Sínkì ló wá fẹ́ pa mí. Àwọn Yúróòpù fòfin de òjé etí ríìmù láti 2005, wọ́n fi sínkì àti irin dípò rẹ̀, tòkunbọ̀ sì kó gbogbo rẹ̀ wá bá mi nílé. Òjé ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 327 ti Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, sínkì di 419, torí náà ó yẹ kó léfòó kí n fi ṣíbí gbọ́n ọn dànù, àmọ́ èédú ni mo fi ń dáná, n ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, afẹ́fẹ́ tí ò fẹ́ láti àárọ̀ á wá dìde lójijì, iná á ràn, sínkì á yọ́ wọnú òjé, ìkòkò odindi á ṣù bí ògì tí ò jiná, kò ní wọ àwo mọ́, owó mi lọ, èédú mi lọ!

Ọmọ yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè kan ní kí n kán ásíìdì sí i, tó bá hó, sínkì ni. Ó ní kí n tún fi pẹ́ńsù oríṣiríṣi ha á, láti orí èyí tó rọ̀ dé èyí tó le, kí n fi mọ bó ṣe le tó. Mo kiri títí, HB nìkan ni gbogbo ọlọ́jà ń tà!

Ìyàwó mi ò sì gbà kí n dáná nílé mọ́, ó ní ṣé n ò gbọ́ pé òjé pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010 ni. Òótọ́ ló sọ, ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yìn oko kòkó ni mo wà báyìí, èmi àti ẹ̀fọn.

Ẹ tún gbọ́ o. Ẹni tó búra fún mi lórí àpò tó kọjá yà lánàá, ó rí èyí tó bàjẹ́ tí mo kó jọ, ó ní òun á rà á padà, ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo san! Mo ní kí ló dé?

Ó wò mí tàánútàánú. "Bàbá, sínkì mà ni. Àbí ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni?"