Gbogbo Wọn Ni Àjọ Kàn

Àwọn tó ń ṣe Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló kó sí mi lórí. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lóṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì ń fi ọdún àti oṣù ṣe nọ́ńbà rẹ̀: 4.10 ni ti oṣù kẹwàá ọdún 2004. Èmi náà ní ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí àwọn alájọ fi ń ṣírò owó. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sì lè tún kóòdù rẹ̀ ṣe. Ni mo bá kéde pé oṣù kẹrin ni ẹ̀dà tuntun tiwa ń jáde. N kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí mo ti lọ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sára tíṣáàtì.

Ohun tí mo fojú fò ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ tó pé ni Ubuntu ti ń tilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun. Èyí tí kò bá tíì jinná, kó dúró de oṣù mẹ́fà mìíràn. Tèmi ò nílẹ̀kùn. Nígbà tó ku ọ̀la, ọmọkùnrin kan gbé kóòdù dé, èyí tí yóò máa sọ ẹni tí àjọ kàn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sí i.” Mo fi sí i, n kò dán an wò, mo sùn.

Ilẹ̀ mọ́, ètò wa ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé àwọn ló kàn láti kó. Gbogbo wọn, lóṣù kan náà! Ìyá alájọ kan pè mí láti ọjà: “Ọmọ mi, wọ́n ti pé sí ìsọ̀ mi. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé àpò wá. Ta ni kí n fún níbẹ̀?”

Mo bá sá sábẹ́ àṣà Debian, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀dà bá ṣe tán ni wọ́n ń gbé e jáde. Ẹ̀dà wọn tó ń jẹ́ Woody jáde lóṣù keje ọdún 2002. Sarge tó tẹ̀ lé e ò dé títí di oṣù kẹfà ọdún 2005. Ṣùgbọ́n Debian ń ka àṣìṣe ńláńlá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi, oorun ni mò ń sùn. Ẹni tó bá bi mí, “Ó ń bọ̀” ni.

Ubuntu náà ló tún là mí lójú. Lọ́dún 2006, 6.04 ni wọ́n ń múra láti gbé jáde. Wọ́n rí i pé kò tíì dáa tó, wọ́n sún un sí oṣù kẹfà, wọ́n pè é ní 6.06, ayé ò bàjẹ́. Tíṣáàtì tèmi ni kò ṣeé sún.

Ní báyìí, ọjọ́ kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹrù tí a kò bá tíì dì tán ni à ń fi sílẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò kan lọ́wọ́, mo ní kó má ṣàánú ẹnikẹ́ni. Èmi ló kọ́kọ́ tì mọ́ta. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó di oṣù kẹwàá.”