Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Bíréèkì Lọ́wọ́

Ẹrẹ̀ ṣì wà nínú etí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí ìyàwó mi tó sọ ọ́ ká gbogbo ọjà Arzèkè. Nígbà kan rí, mo máa ń rí àwọn òyìnbó tó ń gba Parakou, ìlú wa ní Benin, kọjá lọ sí ọgbà ẹranko Pendjari, tí wọ́n gbé awò olójú méjì kọ́rùn, tí wọ́n ń wo ẹyẹ. Ó wù mí. Àna mi kan fi irú awò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti Jámánì. Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù Họ́láńdì kan lọ́wọ́ alákẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní dúdú. Ó di oṣù kọkànlá, òjò dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ń yọjú, mo ní mo ń lọ sí odò Ọ̀pàrà. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Kí n tó débẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí agbo lékèélékèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan, funfun báláú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé awò sójú. Wọn kò mira. Ẹni tó ń wo ẹyẹ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, mo tún dúró, títí ọmọbìnrin kan fi wá kó díẹ̀ nínú àwọn lékèélékèé náà sínú àpò, ó gbé e rù. Òwú ni. Àsìkò tí wọ́n ń kórè òwú ní gbogbo agbègbè Borgou la wà, èmi nìkan ni mo gbàgbé.

Ẹ má bú awò náà ṣá. Wọ́n kọ 8x40 sí i lára. 8 yẹn ni pé ohun tí ẹ bá ń wò yóò fi ìlọ́po mẹ́jọ súnmọ́ yín. 40 ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Dígí yẹn ń da àwòrán dorí kodò ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ki dígí onígun sínú ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè tún un dà padà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ohun kan ṣe ń tóbi lójú rẹ ni gbogbo ohun tó yí i ká ń pòórá. O lè máa ka ìyẹ́ ẹyẹ kan, kí o má rí màlúù tó dúró tì ọ́.

Mo dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí adágún ìsédò, níbi tí omi ẹ̀rọ tí à ń mu ní Parakou ti ń wá. Fún ìgbà díẹ̀, mo jẹ́ èèyàn gidi níbẹ̀. Ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, ewé kò rì. Akọ ẹyẹ yìí ló ń sàba lé ẹyin, abo á ti gba ọ̀dọ̀ akọ mìíràn lọ. Mo pinnu pé mi ò ní sọ ìyẹn nílé. Òmíràn, dúdú òun funfun, dúró lójú kan lófuurufú, ó ń fi ìyẹ́ gbá afẹ́fẹ́, ó wá já sínú omi, ó gbé ẹja jáde. Nísàlẹ̀, màlúù ń mumi, lékèélékèé gidi sì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń ṣa tata tí pátákò màlúù ń lé sókè. Àwọn lékèélékèé tó bá òjò lọ sí àríwá ti ń padà bọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ súnmọ́ wọn.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Kẹ̀kẹ́ mi kò ní bíréèkì lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì rẹ̀. Bí o bá wa pẹ́dà síwájú, o ń lọ; bí o bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó dúró. Inú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn ni àṣírí rẹ̀ wà. Irin kan wà níbẹ̀ tó ń yí wọlé, tó ń yí jáde. Bí ṣéènì bá fà á síwájú, á gbá họ́ọ̀bù mú, táyà á yí. Bí ṣéènì bá fà á sẹ́yìn, á sún sí òdì kejì, á ti irin bíréèkì fẹ̀ sóde, ìyẹn á máa ha inú họ́ọ̀bù títí kẹ̀kẹ́ á fi dúró. Iṣẹ́ ọpọlọ ni: òjò kì í dé ibẹ̀, eruku kì í dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń ṣe méjèèjì. Bó bá yọ, o kò lè lọ, o kò sì lè dúró. Abájọ tí òfin Jámánì fi ní kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì. Tèmi ní èkejì nígbà kan rí. Ihò ibi tí wọ́n ti tú u ṣì wà níbẹ̀. Kò sì sí ohun tó ń fa ṣéènì irú kẹ̀kẹ́ yìí le, àfi kí èèyàn fa táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn kó tó dè é. Tèmi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Mo kó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kòtò kan tí òjò gbẹ́ sílẹ̀ gbé mi sókè, mo gbọ́ “gbà!” lábẹ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, pẹ́dà yí lásán. Mo wà á síwájú, ó tún yí lásán. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fún irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ pọ̀, mo ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń fọṣọ lápá òsì. Ọmọ Yorùbá ni mí, ikú gan-an kò lè gba ìkíni lẹ́nu mi. Bí mo ṣe ń fò kọjá, mo kígbe pé, “Ẹ kú odò o!”

Àgbà inú wọn dáhùn, “Òo, bàbá. Ṣé àlàáfíà ni?”

“A dúpẹ́ o!”

Mi ò tíì dúpẹ́ tán tí mo fi wọ àárín màlúù. Àwọn ti iwájú yà fún mi. Ti ẹ̀yìn kò mọ̀ mí. Mo fi orí gbá a níhà, mo ṣubú gbalaja sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ pò pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ wọn. Awò bọ́ sínú omi ṣáájú mi, ó wá fi okùn rẹ̀ fà mí lọ́rùn wọlé. Gbogbo lékèélékèé gbéra lórí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tíì súnmọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi ni kò ṣí.

Ọmọ Fúlàní tó ń da màlúù náà fi ọ̀pá kàn mí léjìká. Ó fi Dẹ́ńdì bá mi sọ̀rọ̀, mi ò lè dáhùn, ó wá fi Yorùbá ọjà bi mí pé, “Bàbá, kí lẹ ń wá?”

Mo ní, “Lékèélékèé.”

Ó wo màlúù, ó wò mí. “Ẹ bá dúró. Àwọn ló máa ń wá.”

Inú bí mi níbẹ̀, kì í ṣe sí ọmọ náà. Ọ̀rá ni mo ń já kúrò lára ju ẹrẹ̀ lọ: ọ̀rá omi, ọ̀rá dúdú, ọ̀kan wé mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Láti ọdún 2017 ni òfin ti de ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Benin. Omi tí à ń mu nìyí! Ta ló ń kó wọn dà síbẹ̀? Mo ń bú wọn lọ kíkankíkan, títí mo fi rántí pé irú ọ̀rá dúdú bẹ́ẹ̀ ni mo fi ra wàrà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo dákẹ́.

Ṣéènì ti há, táyà kò yí mọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká títí mo fi rí alábàárù tó bá mi gbé e.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá alákẹ̀kẹ́. Ó fa táyà ẹ̀yìn, ó dè é, ó ń kọ́ mi pé ṣéènì kò gbọdọ̀ mì ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Mo ní bíréèkì ọwọ́ ńkọ́? Ó ní ìyẹn, lọ́tọ̀ là ń tà á. Ó ṣí àpótí irin kan, ó mú ọ̀kan jáde. Àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ ni èyí tó ń yọ lábẹ́ ọ̀dà dúdú kẹ̀kẹ́ mi, ihò rẹ̀ sì bọ́ sójú ihò kẹ̀kẹ́ mi wẹ́kú.

“Ẹ ò rí i bó ṣe bá a mu?” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní 3,000 fráǹkì.

Mo ná an dé 2,000.