Kí Ni Ìtumọ̀ Kevin?

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àyìndé télọ̀, ẹ̀yìn ọjà Koumassi, ní Abidjan. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ ọmọ Wálé.

WÁLÉ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ níta. Kevin ni èmi àti ìyàwó mi fẹ́ sọ ọmọ náà.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Kéfíìn? Ìyẹn ọmọ inú fíìmù tí àwọn òbí rẹ̀ gbàgbé sílé, tí olè wá ká mọ́bẹ̀?

WÁLÉ: Òun náà ni. 1990 ni fíìmù yẹn jáde, ọdún yẹn náà sì ni fíìmù ti Kevin Costner jáde. Orúkọ náà ti ń gbilẹ̀ ní Faransé kó tó dìgbà yẹn. Ní 1991 nìkan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá (13,000) ọmọ tí wọ́n sọ ní Kevin níbẹ̀.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Èmi gbọ́ pé wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́hùn-ún.

WÁLÉ: Wọ́n ń fi ṣe é, Bàbá. Ní Jámánì, nígbà tí Yunifásítì Oldenburg fọ̀rọ̀ wá àwọn olùkọ́ lẹ́nu wò ní 2009, ọ̀kan nínú wọn ní Kevin kì í ṣe orúkọ, àìsàn ni. Àwọn mẹ̀kúnnù ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ jù, ìdí nìyẹn.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Olùkọ́! Ẹni tí a fa ọmọ lé lọ́wọ́! Ó dùn mí gan-an. Àwọn dúdú wo ló tiẹ̀ ń jẹ́ ẹ?

WÁLÉ: Ṣé ẹ mọ Kévin Denkey, ọmọ Tógò? Lomé ni wọ́n bí i sí ní 2000. Ní sáà 2023 sí 2024, gól 27 ló jẹ ní líìgì Bẹ́ljíọ̀mù, kò sẹ́ni tó jẹ tó o.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Mo gbọ́ ti bọ́ọ̀lù. Ìtumọ̀ ni mò ń bèèrè.

WÁLÉ: Ireland ló ti wá. Caoimhín ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè tiwọn. Caomh ni ohun tó tutù, tó rẹwà, tí a fẹ́ràn. Èyí tó kù dúró fún ìbí.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Ìbí? Bíi ti Abíọ́lá?

WÁLÉ: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni mímọ́ kan ló sọ ọ́ di ńlá, ẹni tó dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Glendalough, láàrin òkè, níbi adágún méjì. Wọ́n ní 618 ló kú. 1903 ni Póòpù fọwọ́ sí i pé ẹni mímọ́ ni. Ìtàn wọn sọ pé ó ń gbàdúrà, ó na ọwọ́ síta fèrèsé, ni ẹyẹ dúdú kan bá bà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yé ẹyin síbẹ̀. Kò ká ọwọ́ kò títí ẹyin fi pa.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Ọkùnrin ṣe bẹ́ẹ̀! Wò ó, Wálé, wo oríkì tí àwa ń fún ọmọkùnrin: Àjàní, Àjàgbé, Àjàmú. Ìjà ló wà nínú gbogbo wọn. Obìnrin là ń fún ní Àbíkẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́. Kí ló dé tí kò fi sí kíkẹ́ fún ọkùnrin? Àwọn ará Ireland wọ̀nyẹn wo ọmọkùnrin, wọ́n pè é ní ẹni tí a bí sínú ìfẹ́. Mo fara mọ́ ọn.

WÁLÉ: Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa fún un ní oríkì.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Àjàní ni. Ojú ìyá rẹ̀ rí màbo kó tó bí i. Kí ó jẹ́ méjèèjì pọ̀. Oṣù mẹ́ta ni òfin fún yín láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní mérì, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Kọ ọ́ sínú bébà fún akọ̀wé. Tó o bá fẹnu sọ ọ́ lásán, Adjani ni yóò kọ.

WÁLÉ: Ìyá mi ní Èjìgbò ńkọ́? Kò lè pe Kevin.

BÀBÁ ÀYÌNDÉ: Fún mi ní fóònù, kí n fi ìtàn ẹyẹ yẹn ṣáájú ná.