Fítámì Àfowórà

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sin ehoro n'Íbàdàn, àwọn ehoro mi ló ní oògùn jù ní àdúgbò wa. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn o. Èmi ni mo ń fojú àánú wò wọ́n.

Ohun tó fà á ni pé, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ kan, mo bá ọmọ ehoro kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú níbi tó ti ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ìdí gan-an ló ti ń gbà á ní tútù, kò jẹ́ kó balẹ̀. Mo lọgun: "Yéè! Ebi fítámì ń pa ẹran yìí!"

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Orí ara mi ni.

Mo ra ìyẹ̀fun fítámì adìyẹ, mo pò ó mọ́ omi wọn. Ìwé ara rẹ̀ ní ṣíbí kan. Mo bu méjì, torí ahun kọ́ ni mí. Mo lọ fítámì C aládùn àwọn ọmọ mi mọ́ ọn. Mo gún èèpo ẹyin kúnná, mo bù ú sórí oúnjẹ, kí egungun wọn lè le. Mo rọ́ oúnjẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì kún abọ́ dẹ́nu. Koríko ńkọ́? Mo dín in kù. Ẹran tó ń mu fítámì, kí ló fẹ́ fi koríko ṣe?

Omi olóòórùn oògùn yẹn, wọ́n fi imú kàn án, wọ́n pa dà sẹ́yìn. Láìpẹ́, ìtọ̀ wọn ki, ó funfun bí ògì.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bọ́lá, ta ló da ògì sábẹ́ àgò?"

Mo ní kó má bínú, egungun ló ń le.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìgbẹ́ rírọ̀ tó so pọ̀ ṣùṣù lábẹ́ àgò. Wọn ò jẹ ẹ́ mọ́! Oògùn jẹ́! Mo fi ayọ̀ gbá a, mo dà á sídìí ewédú.

Ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru wọlé ni mo ké sí dókítà ẹran. Mo ròyìn gbogbo ohun tí mo rí àti ohun tí mo ṣe fún un. Ó wo agolo fítámì, ó wo abọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò oúnjẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń yà. Èyí tó le ni ìdọ̀tí. Èyí tó rọ̀, inú àpò ńlá kan nínú ìfun ló ti ń wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ ti ṣe fítámì B àti K sínú rẹ̀. Òun lẹ rí tó ń jẹ. Morot, dókítà ẹran ará Faransé, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1882."

"Fítámì C ńkọ́?"

"Ẹ̀dọ̀ ehoro ń ṣe é fúnra rẹ̀."

"Èèpo ẹyin?"

"Ìfun ehoro kì í wọn kálíṣíọ̀mù. Bó ṣe rí i ló ń gbé e, kíndìnrín á wá da àṣẹ́kù sínú ìtọ̀. Ògì yín nìyẹn. Fítámì A àti D ló léwu jù, inú ara ni wọ́n ń kó jọ sí. Bí D bá pọ̀jù, kálíṣíọ̀mù á dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ehoro tẹ́ ẹ sì ń rà, wọ́n ti fi fítámì sí i tẹ́lẹ̀. Òun ló yó wọn jù, koríko ò tó, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ìgbẹ́ rírọ̀ sílẹ̀."

Ìyẹn ni pé mo ń fowó ra ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ṣe, mo gbá a fún ewédú.

"Kí ni kí n fún wọn báyìí?"

"Koríko."

"Àti kí ni?"

"Omi."

"Omi kí ni?"

"Omi lásán, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi bi mí pé oògùn wo ló kọ. Mo ní kò kọ ìkankan.

Ó ní, "Ẹ ò rí i pé dókítà gidi nìyẹn."